Ohun Tí Màmá Àsúmáù Sọ Nípa Ọ̀gá Ọkọ̀ Náà

Ọ̀rọ̀ tí Alhaji Dáúdà gbé mì láti ìgbà tí wọ́n ti ń wó àwọn ilé North Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní òun kò ní gbé e wọ sàréè. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, nígbà tí wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn lórí àga, tí oògùn ilé ìwòsàn ti jẹ́ kí ètè rẹ̀ gbẹ bí ti ẹni tó gbààwẹ̀. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é, àwọn dókítà sì ti fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ bá a sọ èyí tí wọ́n máa ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ. Adéníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ká ọwọ́ sórí itan. Àwọn ọmọ méjèèjì wà níbẹ̀: Habeebullah tó ń wa bọ́ọ̀sì, àti Nusaybah àbúrò rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni karùn-ún ni kò jẹ́ kí ara tu ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. Malachi ni, ọmọ Jàmáíkà tó jẹ́ alága àwọn ayálégbé nígbà kan rí. Ó ti darúgbó báyìí, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Ó ti lé lógún ọdún tí Adéníkẹ́ ti kí i gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá pàdé ní Rye Lane, ńṣe ni yóò yà sí òdìkejì títì. Malachi kò mọ ohun tí òun ṣẹ̀ ẹ́. Alhaji nìkan ló mọ̀, ó sì ń wò wọ́n níran ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Adéníkẹ́ ti kọ́kọ́ bi í ní kọ̀rọ̀ pé kí ló dé tó fi pe ọkùnrin yẹn wọ ilé òun. Alhaji ní kó jẹ́ kó jókòó, ọ̀rọ̀ náà kàn án. Ó wá sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n má dá òun dúró, nítorí bí òun bá dúró lójú ọ̀nà, òun kò mọ̀ bóyá òun tún lè gbéra. Ó ní Yorùbá ni òun yóò kọ́kọ́ fi sọ ọ́, torí Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́ fún òun, lẹ́yìn náà òun yóò túmọ̀ rẹ̀ fún Malachi. Malachi ní kó fara balẹ̀, ó ní tíì òun ṣì ń gbóná, àti pé òun kò tíì rí ọmọ Nàìjíríà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú rí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Alhaji ní bàbá Ìjẹ̀bú kan ló jí òun lójú oorun. Ibùsùn bàbá náà ló tẹ̀lé tòun nígbà tí wọ́n dá òun dúró sí ilé ìwòsàn. Bàbá náà kò gbọ́ Òyìnbó, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń túmọ̀ fún un. Dókítà dé, ó béèrè bí ara ṣe rí. Bàbá ní ìrora kan ń gba ẹ̀yìn wọ àyà òun bí ẹni tí wọ́n ń fi irin gún. Ọmọkùnrin náà wo aago, ó wo fóònù, ó sì sọ fún dókítà pé ara bàbá ti yá, ó kàn rẹ̀ wọ́n ni. Dókítà kọjá lọ. Alhaji ní òun dùbúlẹ̀ síbẹ̀, òun ń gbọ́ èdè méjèèjì. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, òun pe nọ́ọ̀sì, òun sọ ọ́ fún un bí bàbá ṣe sọ ọ́. Wọ́n sáré gbé bàbá lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e padà, ó na ọwọ́ di ọwọ́ òun mú, ó ní, “Olóòótọ́ èèyàn ni yín. Ọlọ́run á fi ẹnu yín sílẹ̀ fún òtítọ́.” Alhaji ní ìrora àìsàn òun kò tó ti àdúrà yẹn. Ó ní òun yíjú sí ògiri, òun ń sunkún bí ọmọdé, torí òun mọ ohun tí ẹnu yìí ti ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n ń wó àwọn ilé àtijọ́ tó ga fíofío wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń kọ́ tuntun, àwọn ayálégbé ní ẹgbẹ́ tó ń bá kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò, sọ̀rọ̀. Malachi ni alága. Dáúdà, tí kò tíì lọ sí Mẹ́kà nígbà náà, ni agbẹnusọ fún àwọn ará ilé wa. Ó ń nu ọ́fíìsì láàárọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Òyìnbó dáadáa, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun gbọ́ ọ. Malachi wá dá a lábàá pé kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó ṣe èèyàn dúdú lóore sọ ọ̀kan nínú àwọn ilé tuntun náà. Dáúdà ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún òun. Ó lọ sí láíbìrì, ó jókòó ti àwọn ìwé ìtàn àdúgbò títí ó fi rí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kápútéènì Bátírámù.

Ọmọ ẹnì kan tó ń lọ́ okùn ọkọ̀ ní Deptford ni Bátírámù. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣeré létí odò, wọ́n ti mú un wọ ọkọ̀ ogun, irú ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ pé ìgbòkun àti afẹ́fẹ́ Ọlọ́run ló ń gbé e lọ. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun òpó ọkọ̀ nígbà tí ìjì ń jà, tí òpó ń tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún bí igi àgbọn. Ní ìrìn àjò àkọ́kọ́, okùn ìdákọ̀ró há ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ igi, ìka méjì sì bá a lọ. Ìwé ní kò sunkún. Ìwé ní ó fi aṣọ di ọwọ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó bá wọn ja ogun Faransé, ó wà nínú èéfín àgbá títí etí rẹ̀ kan fi di, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀gá kékeré. Ogun wá parí. Ọba so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí àwọn ọ̀gá máa lọ sílé títí òun yóò fi ránṣẹ́ pè wọ́n. Bátírámù wá jókòó sí Peckham, tó jẹ́ oko nígbà náà, ó ń gbin kábéèjì, ó sì ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí láràárọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Kò sí ọkọ̀ tó ń dúró dè é. Àwọn ọmọ ọlọ́lá tí ó kọ́ ní iṣẹ́ ń gba ọkọ̀, wọ́n ń kọjá lórí rẹ̀. Irun rẹ̀ ti ń funfun kí wọ́n tó rántí rẹ̀, tí wọ́n fún un ní ọkọ̀ kékeré olópòó méjì, pé kó lọ sí etíkun wa, níbi tí àwọn ọ̀gá tó lẹ́ni lẹ́yìn kò fẹ́ lọ nítorí ibà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lé àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú. Ó lé wọn láti Àgbádárìgì títí dé ẹnu odò Bonny. Èyí tó bá mú, yóò kó àwọn èèyàn inú rẹ̀ lọ sí Sàró láti dá wọn sílẹ̀. Ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín, wọ́n fi í jẹ kápútéènì. Ó padà sí Peckham, ó kọ́lé, ó ń fún aláìní ní búrẹ́dì nígbà òtútù, wọ́n sì sin ín tìyìn-tìyìn.

Bí ìwé ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Alhaji ní inú òun dùn bí ẹni tó rí ìbátan tó sọnù. Òun náà kúrò nílé lọ́mọdé, wọ́n fojú tẹ́ òun mọ́lẹ̀ fún ọdún pípẹ́, àwọn tí òun kọ́ ní iṣẹ́ di ọ̀gá òun. Ó ní òun dìde nínú ìpàdé, òun sọ ìtàn náà láìwo ìwé, Malachi fúnra rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ títí. Wọ́n gbà. Ilé Bátírámù ni wọ́n máa pè é. Àwọn èèyàn kánsù ní Dáúdà ni yóò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí òkúta àkọlé rẹ̀, pé oníwèé ìròyìn yóò wà níbẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni òun ti ń dúró níwájú dígí bálùwẹ̀, tí òun ń wo bí ẹnu òun ṣe máa rí.

Ìpàdé kan ṣoṣo ló kù, èyí tí wọ́n pè kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ lè wá sọ ọ́. Nígbà náà Adéníkẹ́ ti bí Nusaybah, Màmá Àsúmáù, ìyá Adéníkẹ́, sì ti ti Èkó wá láti wá máa wẹ ọmọ. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ó lè ka Kùránì, kò lè ka ìwé Òyìnbó. Láràárọ̀ ni Dáúdà máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí kápẹ́ẹ̀tì, tí màmá yóò sì máa sọ pé, “Bàbá Habeeb, ó tó, ẹ̀yìn yín o.” Adéníkẹ́ ti padà sí ṣíífù rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé náà. Dáúdà ní kí màmá pọn ọmọ, kó bá òun lọ. “Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó ràn mí lọ́wọ́,” ni Alhaji wí. “Mo fẹ́ kó wá rí bí ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Ìyẹn ni mo ṣe mú un lọ. Àṣehàn mi ló gbé òtítọ́ wọ inú yàrá yẹn, èmi náà ni mo sì tún tì í síta.”

Ó ní bí òun ṣe ń sọ ìtàn kápútéènì náà lẹ́ẹ̀kan sí i fún àwọn tí kò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, òun ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òun ń sọ ọ́ ní Yorùbá sétí màmá, kó lè gbádùn rẹ̀. Màmá ń mi orí. Nígbà tí òun dé ibi ìka méjì tó gé, màmá dáwọ́ orí mímì dúró. Ó ní, “Ọwọ́ wo?” Òun ní ọwọ́ òsì. Ó ní kí òun tún orúkọ ọkùnrin náà pè. Òun tún un pè. Màmá gbé ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sókè, ó tún ọ̀já so, ó sì dìde. Malachi rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ní kí ìyá àgbà sọ̀rọ̀, kí Dáúdà bá wọn túmọ̀.

Alhaji ní láti ọdún yẹn wá, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí òun gbàgbé nínú ohun tí màmá sọ. Ó pa ojú dé, ó sì sọ ọ́ bí màmá ṣe sọ ọ́:

“Bá mi sọ fún wọn, Bàbá Habeeb, pé a mọ ọkùnrin yẹn nílé wa. Ìyá tó bí ìyá ìyá mi, Àyọ̀ká lorúkọ rẹ̀. Wọ́n kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àwẹ̀ró, lójú ogun, wọ́n tà wọ́n sínú ọkọ̀. Bátírámù lé ọkọ̀ náà bá, ó gbà wọ́n. Wọ́n jó lórí ọkọ̀, wọ́n rò pé ilé ti yá. Ó kọrí sí Sàró pẹ̀lú wọn, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ sú sínú ọkọ̀ kékeré, kí wọ́n fi okùn so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ ńlá. Ooru ló mú kí ara Àwẹ̀ró sú, kì í ṣe ìgbóná. Àyọ̀ká ń sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ júwe, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ dé, ọkọ̀ kékeré sì ń fa ọkọ̀ ńlá sẹ́yìn. Bátírámù ní kí àwọn atukọ̀ gé okùn. Wọ́n kọ̀. Ó ka ìwé àdúrà rẹ̀, ó pa á dé, ó fi ọwọ́ òsì tí ìka rẹ̀ ku mẹ́ta di okùn mú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e. Àwẹ̀ró dìde dúró nínú ọkọ̀ kékeré, ó ń pe orúkọ àbúrò rẹ̀ títí etí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Kí wọ́n má fi orúkọ ọkùnrin yẹn sára ilé tí ọmọ mi máa gbé. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ orúkọ, kí wọ́n kọ Àwẹ̀ró.”

Nínú yàrá náà lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday yìí, Adéníkẹ́ ti gbé ìborùn bo ẹnu. Ohùn ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Malachi gbọ́ orúkọ Bátírámù láàárín èdè tí kò gbọ́, ó gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ sílẹ̀.

Alhaji ní nígbà tí màmá sọ ọ́ tán, gbogbo ojú yí padà sí òun. Ó ní bí ẹni bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló kù ju kó ṣí ẹnu? Ṣùgbọ́n òun wo àwọn èèyàn kánsù, òun rántí ẹni tó mú orúkọ náà wá, òun rò ó pé wọ́n á ní ẹ ò rí ọ̀mọ̀wé yìí, iwájú ìwé nìkan ló kà. Òun rántí ọjọ́ òkúta, òun rántí oníwèé ìròyìn. Ó ní, “Mo sọ fún wọn pé ìyá ìyàwó mi ní ìyá ńlá òun wà lára àwọn tí kápútéènì gbà là, pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó bẹ Ọlọ́run kó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin òyìnbó kan ń nu ojú. Malachi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó bi òun pé ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ó ní ọ̀rọ̀ ìyá yìí gùn ju báyẹn lọ, ojú rẹ̀ kò sì jọ ojú ẹni tó ń dúpẹ́. Ó ní bí ohun mìíràn bá wà, àwọn kò kánjú. Alhaji ní Ọlọ́run ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún òun. Òun fi ọwọ́ ara òun pa á dé. Òun rẹ́rìn-ín, òun na ìka sí orí, òun ní àgbà ti dé sí i, ọpọlọ màmá ti ń rìn lọ rìn bọ̀.

Nusaybah kò lè dákẹ́ mọ́. “Daddy, ẹ dúró ná. Ṣé grandma ò ṣàrán? Láti kékeré lẹ ti ń sọ fún wa pé wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan kí wọ́n tó kú.”

“Wọn ò ṣàrán rí,” ni bàbá rẹ̀ dáhùn. “Orí ìyá àgbà yín pé ju tèmi lọ. Mo pa irọ́ yẹn fún Malachi, mo wá ń bọ́ ọ kó má bàa kú.”

Ó ní nígbà tí àtẹ́wọ́ ń dún lọ́jọ́ náà, màmá wo ọ̀tún wo òsì, ojú rẹ̀ wá tàn. Ó bi òun bóyá wọ́n ti gbà. Òun ní wọ́n ti gbà. Màmá kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, tọmọ tọmọ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn òyìnbó sáré gbé e dìde, wọ́n ń sọ pé ẹ ò rí bí inú rẹ̀ ṣe dùn sí kápútéènì. Lójú ọ̀nà ilé, màmá ń ṣàdúrà fún òun lórí gbogbo títì: pé òun ti la ẹnu Àyọ̀ká. Òun ń ṣe àmín.

Ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣe kó má dé etí Adéníkẹ́. Màmá sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà pé wọ́n máa kọ orúkọ Àwẹ̀ró sára òkúta, àwọn méjèèjì sì di mọ́ ara wọn. Kò pẹ́, wọ́n lẹ ìwé ìkéde mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé: Ilé Bátírámù. Adéníkẹ́ kà á, ó gbé e tọ ọkọ rẹ̀ lọ. Alhaji wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní, “Ìyá Habeeb, mo sọ fún ẹ nígbà náà pé mo túmọ̀ gbogbo ohun tí màmá sọ. Mo ní Malachi ló fọwọ́ rọ́ ọ tì, pé ó ní ìtàn ẹnu arúgbó kò lè dúró níwájú ìwé. Mo ní ká má sọ fún màmá, ká jẹ́ kó fi ayọ̀ padà sílé. O sunkún, o sì gbà. Malachi ò sọ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló béèrè. Ojú tí o ti ń mọ́ ọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, èmi ló tọ́ sí.”

Adéníkẹ́ ń wo Malachi, ọkùnrin náà sì ń wò ó padà, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ó ṣáà mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ.

Habeebullah ní kí bàbá sinmi, kó mu omi. Alhaji ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ní gbogbo èyí tí òun ti sọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àgbà ẹ̀ṣẹ̀ wà. Ó ní nígbà tí wọ́n ṣí òkúta tán, màmá ní dandan òun fẹ́ rí i kí òun tó wọ bàálù. Adéníkẹ́ ní ọmọ ń wúkọ́, kò lè jáde. Kò fẹ́ fojú rí i ni. Dáúdà ló mú màmá lọ. Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀. Òkúta náà wà lára ògiri, lẹ́tà rẹ̀ ń dán bíi góòlù. Màmá bi í pé níbo ni Àwẹ̀ró wà níbẹ̀. “Mo lè sọ pé wọn ò tíì kọ ọ́,” ni Alhaji wí. “Mo lè dákẹ́ pàápàá. Mo mú ìka màmá, mo gbé e lé orúkọ Bátírámù. Mo ní, ‘Òun rèé, Màmá.’” Màmá fi ìka tẹ̀lé lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ìparí, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu omi òjò kúrò lára rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ka Fátíhà, ó ní, “Àwẹ̀ró, wọ́n ti gbọ́ ẹ o. O ò lọ gbé.” Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé òkúta, ó fi orúkọ ẹni tó gé okùn náà ṣe ìrọ̀rí, ó sì ń sunkún ayọ̀. “Ó yíjú sí mi pé kí n ṣe àmín,” ni Alhaji wí. “Mo ṣe àmín.”

Màmá Àsúmáù padà sí Èkó. Ó ń sọ ọ́ níbi gbogbo pé orúkọ Àwẹ̀ró wà lára ògiri ní Lọ́ńdọ̀nù, pé ọkọ ọmọ òun ló sọ ọ́ di ṣíṣe. Kí ọdún tó yí po, ó kú. Alhaji ní àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ló fi lọ, wọ́n sì rò pé ìtùnú ni àwọn ń fún òun. Ó ní òun wá mọ irú èèyàn tí kápútéènì náà jẹ́. Kì í ṣe pé ó kórìíra Àwẹ̀ró. Wọ́n ti fi í sílẹ̀ ní oko kábéèjì pẹ́ jù, ó fẹ́ tètè gúnlẹ̀, kí wọ́n lè rí i, ọkọ̀ kékeré náà sì ń fà á sẹ́yìn. Ó ní, “Ohun kan náà ló ṣe èmi náà. Ó ka ìwé àdúrà kó tó gé okùn. Èmi ṣe àmín lẹ́yìn tí mo gé tèmi.”

Ó wá bẹ̀ wọ́n. Kò lè dọ̀bálẹ̀ mọ́, ó tẹ orí ba níbi tó jókòó sí. Ó bẹ Adéníkẹ́ nítorí ìyá rẹ̀, ó bẹ àwọn ọmọ nítorí ìyá àgbà tó sọ di ẹni tó ń ṣàrán lójú wọn. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn, ní mọ́sálásí, níbi iṣẹ́, níbikíbi: “Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sáàárín ìyá yín àti dókítà, sáàárín bàbá yín àti kánsù, ẹnu tó wà lójú yín níbẹ̀ kì í ṣe tiyín. Ẹ yá a fún ẹni tí kò ní òmíràn ni. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá tì yín lójú, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú náà. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ má túmọ̀ rárá, ẹ pe ẹlòmíràn. Ẹ wò mí dáadáa. Bí ó ṣe máa ń rí nìyí nígbà tó bá pẹ́.”

Adéníkẹ́ dìde. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé Dáúdà, kò pè é ní ìwọ rí, ì báà jẹ́ nínú ìjà. Ó ní, “O jẹ́ kí n bá ẹ tan ìyá mi jẹ.” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. “Mo jókòó sílé lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé mo ń ṣàánú rẹ̀.” Alhaji ní kó jọ̀ọ́, kó forí jin òun, kó sọ pé ó ti forí jin òun kí òun tó lọ. Adéníkẹ́ ní òun ti gbọ́. Ohun tó sọ nìyẹn, pé òun ti gbọ́.

Alhaji mí kanlẹ̀, ó yíjú sí Malachi, ó ya ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ ní Òyìnbó. Adéníkẹ́ ní kó dákẹ́. Ó gbé àga rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó gbé e síwájú Malachi, ó sì jókòó tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Òyìnbó rẹ̀ kò dán tó ti ọkọ rẹ̀, kò sì kánjú. Ó ní òun fẹ́ sọ ohun tí ìyá òun sọ lọ́jọ́ ìpàdé yẹn fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Àyọ̀ká, ó sọ ọ́ dé orí okùn, kò fo ọ̀kan, kò rọ ọ̀kan lójú. Nígbà tó dé ibi tí ọkọ rẹ̀ ní màmá ń ṣàrán, ó sọ ìyẹn náà. Malachi bo ojú. Nígbà tó ṣí i, kò wo Alhaji rárá. Ó bi Adéníkẹ́ pé kí lorúkọ ọmọbìnrin tó wà nínú ọkọ̀ kékeré náà.

“Àwẹ̀ró,” ni Adéníkẹ́ wí.

Malachi gbìyànjú, kò jọ ọ́. Ó tún gbìyànjú, ó gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó sọ ọ́ kalẹ̀. Lórí àga rẹ̀, ètè Alhaji Dáúdà ti ṣí láti bá a tún un ṣe. Adéníkẹ́ gbé ọwọ́ sókè sí i láìbojúwẹ̀yìn.

“Fi í sílẹ̀,” ó ní. “Èmi ni n ó kọ́ ọ.”